Ológbò, Ọkọ̀ Àsálà àti Dísìkì Méjì: Àkọsílẹ̀ Àríyànjiyàn Kan Lórí Fíìmù Alien

Àwa mọ́kànlá ni a máa ń péjọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní pálọ̀ ọ̀kan nínú wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù láti jíròrò fíìmù, ọmọ Yorùbá sì ni gbogbo wa. Èmi ni atọ́kùn. Ẹni tí ó dàgbà jù láàárín wa jẹ́ ẹnjiníà tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é, orúkọ náà ni n óò sì máa lò níhìn-ín. Ẹnì kejì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí Ẹ̀gbọ́n máa ń pè ní "àbúrò mi" nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, tí ó sì máa ń pè ní "ọmọdé yìí" nígbà tí inú rẹ̀ kò bá dùn. Mo kọ àkọsílẹ̀ yìí fún àwọn tí wọ́n ń darí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìjókòó kan tí ó yẹ kí ó gbádùn mọ́ni fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ wa ká, ọwọ́ èmi atọ́kùn ni ẹ̀bi tí ó pọ̀ jù sì wà.

Fíìmù tí a yàn ni Alien, èyí tí Ridley Scott darí, tí ó jáde ní 1979. A kò ṣàdédé yàn án. Ọmọ Yorùbá ni ẹni tí ó wà nínú aṣọ abàmì ẹranko inú rẹ̀: Bọ́lájí Badéjọ, tí a bí ní Èkó ní 1953, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ẹni tí ń wá òṣèré ṣalábàápàdé rẹ̀ ní ilé ọtí kan. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 10, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Irú ara tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn, kí ojú awòran má baà tètè rí i pé ènìyàn ni ó wà nínú aṣọ náà. Fíìmù kan ṣoṣo tí ó ṣe nìyẹn kí ó tó di olóògbé ní 1992. A rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a óò fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ sọ. A kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Fún ẹni tí kò bá tíì wò ó, òṣìṣẹ́ méje ni ó wà nínú Nostromo, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó ń padà bọ̀ sí ayé yìí láti ojú òfurufú tí ó jìnnà réré. Lára wọn ni Lambert, tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, àti Brett, mẹkáníìkì. Wọ́n gba àmì kan lójú ọ̀nà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀, ẹranko kan sì lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀kan nínú wọn, Kane, lẹ́yìn tí ó ti jó akoto tí ó dé sórí. Ripley, tí ó wà nínú ọkọ̀, kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún wọn, nítorí pé òfin ìyàsọ́tọ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ lo wákàtí 24 kí wọ́n tó wọlé. Dallas, ọ̀gá ọkọ̀, pàṣẹ láti ìta pé kí ó ṣí i. Ripley kò ṣí i. Ash, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọkọ̀ náà, ni ó ṣí i, ibẹ̀ ni ikú sì gbà wọlé.

Olúkúlùkù ti wo fíìmù náà nílé ara rẹ̀ kí a tó pàdé, torí pé kò sí ẹni tí ó ráyè wákàtí méjì pẹ̀lú àríyànjiyàn lẹ́yìn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. N kò béèrè irú ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni wò. Bí mo ṣe jókòó ni mo bi wọ́n pé, "Níbo ni ìtàn yìí ti jò?" Nínú ẹgbẹ́ wa, bí ohun kan nínú ìtàn kò bá bá ohun tí ìtàn náà fúnra rẹ̀ ti sọ mu, tàbí bí ẹ̀dá ìtàn kan bá ṣe ohun tí ẹni tí orí rẹ̀ pé kì í ṣe, a máa ń sọ pé ìtàn náà jò, bí òrùlé ṣe ń jò. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti dì sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ìbéèrè mi náà kò sunwọ̀n: ẹni tí o bá rán pé kí ó lọ wá ibi tí òrùlé ti ń jò, ibi tí kò jò pàápàá yóò jọ ọ́ lójú bí ibi tí ó jò. Kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, ẹ̀sùn 14 ti wà lórí ìwé ńlá tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Kí ló dé tí Brett nìkan fi tẹ̀lé ológbò lọ sínú òkùnkùn? Kí ló dé tí wọn kò kó sínú ọkọ̀ àsálà kí wọ́n sì máa lọ? Kí ni ẹranko náà jẹ tí ó fi dàgbà ní wákàtí díẹ̀? Níbo ni Dallas wọlẹ̀ sí? Ilẹ̀kùn ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n ní ti ilẹ̀kùn ni ó burú jù. Ó ní òun ti wà nínú ọkọ̀ tí àìsàn wọ̀ rí, pé kò sí onímọ̀ kan tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ohun tí a kò mọ̀ wọlé. Ẹni tí ó kọ ìtàn yìí kàn ń wá bí ẹranko yóò ṣe wọ inú ọkọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Ẹni tí ó mọ òfin dúró lórí òfin. Lambert tilẹ̀ gbá a létí nítorí ẹ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan béèrè pé, "Ta ni wọ́n gbá létí?" Mo ní kí a máa bọ́rọ̀ lọ. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi ọkàn sí ibí yìí, nítorí pé bí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan péré, ìjà tí ó dé lẹ́yìn náà ì bá má dé.

Nígbà tí ariwo pọ̀, mo ní kí a dìbò lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Ìbò náà kò wúlò rárá. Ẹ̀gbọ́n a na ọwọ́, àwọn tí ó tẹ̀lé e lọ́jọ́ orí a wò ó, wọn a sì na tiwọn. Ta ni ó fẹ́ jẹ́ kí a sọ pé òun ta ko àgbà nítorí ológbò inú fíìmù? Mo pa ìyẹn tì, mo pín wọn sí ọ̀nà méjì, àwọn olùfisùn níhìn-ín, àwọn olùgbèjà lọ́hùn-ún. Ìyẹn tilẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé àwọn olùgbèjà bẹ̀rẹ̀ sí í hùmọ̀ ohun tí kò sí nínú fíìmù. "Bóyá ẹranko náà ti jẹ oúnjẹ tí wọ́n kó pamọ́." "Bóyá Dallas bọ́ sójú òfurufú." Bóyá, bóyá, bóyá. Amọ̀ tiwa ni a fi ń lẹ òrùlé onílé.

Orí Dallas ni ọ̀rọ̀ ti dójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ìtàn kan kì í gbé ọ̀gá ọkọ̀ wọ inú ihò atẹ́gùn, kí ó pàdánù rẹ̀ síbẹ̀, kí ó má sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ní jíjò tí kò ní àwíjàre nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé Ripley rí Dallas níkẹyìn, tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, tí ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pa òun. Gbogbo ilé dákẹ́. Kò sí ẹlòmíràn tí ó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọdé yìí, ṣé o ò ti sùn lọ nígbà tí ò ń wò ó?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fi ojú mi méjèèjì rí i." Ẹ̀gbọ́n ní ṣé irọ́ ni òun ń pa nígbà náà, ó mú fìlà rẹ̀, ó sì jáde. Omijé lé ròrò sójú nọ́ọ̀sì. Àwọn tí ó kù bẹ̀rẹ̀ sí í wá kẹ́ẹ̀sì fóònù wọn, bí ènìyàn ṣe máa ń ṣe nígbà tí kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Lọ́jọ́ kejì, fọ́tò kan wọlé sórí WhatsApp mi: tẹlifíṣọ̀n nọ́ọ̀sì, Dallas sì wà lára ògiri nínú rẹ̀ lóòótọ́, ìdajì ara rẹ̀ ti wọ inú ohun kan tí ó dà bí ìtẹ́ aláǹtakùn. Mo fi dísìkì tèmi sí ẹ̀rọ, mo wá ibẹ̀ títí, n kò rí i. Mo lọ yá tirẹ̀. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ó gbé ohun méjì sójú tẹlifíṣọ̀n pé kí n yan ọ̀kan: ẹ̀dà 1979 àti ẹ̀dà olùdarí ti 2003. Ó ti tẹ èkejì láìkọbi ara sí i. Ní 2003, Scott tún fíìmù náà gé, ó dá àwọn ìran kan padà sínú rẹ̀, ó sì dín àwọn mìíràn kù, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀dà tuntun náà fi nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lára ohun tí ó dá padà ni ìran Dallas yẹn, èyí tí ó ti yọ kúrò ní 1979 kí ó má baà fà á sẹ́yìn níbi tí ìtàn ti ń sáré. Lára rẹ̀ náà ni ìgbátí tí Lambert gbá Ripley. Ara mi bù máṣọ. Ìgbátí yẹn ni ẹ̀rí tí ó ti wà lójú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé fíìmù méjì ni a jókòó lé lórí. Èmi ni mo ní kí a máa bọ́rọ̀ lọ.

Kò ṣeé ṣe kí n gbé e dé pálọ̀ kí n sì wí níwájú àwọn ọmọdé pé Ẹ̀gbọ́n ṣì í. Mo lọ sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé dísìkì kalẹ̀, mo ní àṣìṣe tèmi ni, pé n kò béèrè ohun tí ó yẹ kí atọ́kùn béèrè. Ó wo ìran náà lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó ní, "Àbúrò mi kò sùn." Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, kí n tó ya ẹnu, ọ̀rọ̀ kan náà yẹn ni ó fi ṣílẹ̀, ó sì fi kún un pé òun náà kò purọ́, pé ohun tí olúkúlùkù wò ni ó sọ. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kí i. Ohun tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ tí a ṣe lẹ́yìn náà ṣeé ṣe nìyẹn, ju ọgbọ́n atọ́kùn èyíkéyìí lọ.

Ní ìpàdé kejì yìí, a fohùn ṣọ̀kan pé ẹ̀dà 1979 ni a óò fi ṣèdájọ́, a ó sì wo ibi tí a ń jiyàn lé lórí papọ̀ pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́. Mo yí ìbéèrè padà. Mo dá fíìmù dúró, mo ní, "Kí ni ẹni yìí mọ̀ ní ìṣẹ́jú yìí?" N kò béèrè ohun tí àwa mọ̀.

Brett ni a fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń wá ẹranko náà, pẹ̀lú àwọ̀n, ọ̀pá iná àti ẹ̀rọ tí ń fi ohun tí ó bá mira hàn. Ohun tí ẹ̀rọ náà fi hàn wá jẹ́ Jones, ológbò inú ọkọ̀, ó sì sá lọ. Wọ́n rán Brett tẹ̀lé e, torí pé bí wọn kò bá mú un, yóò tún tan ẹ̀rọ náà jẹ. Títí di ìgbà náà, ẹranko kékeré tí ó ya àyà Kane jáde ni gbogbo wọn mọ̀, ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi mú àwọ̀n dání. Nígbà tí mo dá fíìmù dúró lórí àwọ̀n yẹn, ẹni tí ó kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, ó sì fà á kọ. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní kí n tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀. Brett rí awọ kan nílẹ̀, èyí tí ẹranko náà bọ́ sílẹ̀. Ó mú un, ó wò ó, kò padà sẹ́yìn. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé ojú sókè kí omi tí ń kán láti òkè lè tù ú lára. Ẹnì kan ní, "Láti ibí lọ, òmùgọ̀ ni." Ẹ̀gbọ́n ní òmùgọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òmùgọ̀ tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti ẹni tí ó kọ ìtàn, òun náà ti mọ àwọn mẹkáníìkì tí ó rẹ̀ tẹnutẹnu tí wọn kì í wo ohun tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa tí ó ń jẹ́ "jò" ti pín sí méjì. Bí ènìyàn inú ìtàn bá gọ̀, a kọ ọ́ sí apá kan. Bí ìtàn bá ta ko ara rẹ̀, a kọ ọ́ sí apá kejì.

Ti ọkọ̀ àsálà rọrùn débi pé ojú tì wá. Lẹ́yìn tí Dallas lọ, Lambert fúnra rẹ̀ ni ó dá àbá pé kí wọ́n sá nínú ọkọ̀ náà, Ripley sì dá a lóhùn ní gbólóhùn kan pé kò lè gba ènìyàn mẹ́rin. Mẹ́rin ni wọ́n kù. Nígbà tí Ash tún kúrò láàárín wọn, wọ́n di mẹ́ta, ìgbà náà ni wọ́n sì múra láti sá. Ìtàn ti ka iye wọn dáadáa. Àwa ni a kò gbọ́ gbólóhùn kan.

Ilẹ̀kùn ni ó gba àkókò wa jù. Ìbéèrè tuntun náà kò tó fún un, torí pé Ash mọ ohun tí ó ń ṣe. Nọ́ọ̀sì ni ó fi ìbéèrè kejì kún un: "Ta ni ilẹ̀kùn yìí ṣe láǹfààní?" A padà lọ gbọ́ Dallas níbi tí ó ti sọ fún Ripley pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn ni òun ti bá ṣiṣẹ́ ní ìrìn-àjò márùn-ún, pé ọjọ́ méjì péré kí wọ́n tó gbéra ni wọ́n fi Ash rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní Mother, jẹ́wọ́ fún Ripley pé àṣẹ 937 wà nílẹ̀: kí a gbé ẹ̀dá náà délé fún àyẹ̀wò, bí ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ bá a lọ. Ash sì rèé, ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ènìyàn. Ìwà tí Ẹ̀gbọ́n pè ní àìmọṣẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ẹ̀gbọ́n gbà, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Ripley sọ pé òun ni olórí nígbà tí Dallas àti Kane wà ní ìta, pé òun kò tíì rí ọ̀gá ọkọ̀ tí ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò sọ fún pé kì í ṣe ọ̀gá mọ́. Nọ́ọ̀sì, tí ó ti gbèjà òfin láti ọjọ́ kìíní, wá sọ jẹ́jẹ́ pé bí ó bá jẹ́ ẹni tí òun bá jẹun láàárọ̀ ni ó dákú sẹ́nu ọ̀nà, òun kò mọ̀ bóyá òun kò ní ṣí i. Olúkúlùkù ti dé ibi tí ẹnì kejì ti gbéra. N kò dá sí i. Mo mu tíì mi.

Nínú ẹ̀sùn 14, mẹ́ta ni ó ṣẹ́ kù nígbà tí a tú ká. Oúnjẹ ẹranko wà lára wọn. A wá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fíìmù kò fi ohunkóhun tí ó jẹ hàn wá tí ó lè sọ ẹranko tí kò ju apá lọ di ohun tí ó ga bí Badéjọ. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti Dallas náà kù, nítorí pé ẹ̀dà 1979 ni a fi ṣèdájọ́. Ẹ̀gbọ́n tilẹ̀ sọ pé ìran 2003 dí ihò kan, ó sì lu òmíràn: ó jọ pé Brett ń di ẹyin nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fíìmù kejì tí James Cameron ṣe ní 1986 fi ìyá ẹranko kan hàn tí ń yé ẹyin. Bí òkú bá ń di ẹyin, kí ni wọ́n ń fi ìyá ṣe?

Láti ìgbà náà, ohun mẹ́ta ni mo ti yí padà nínú iṣẹ́ mi. Mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹ̀dà àti iye ìṣẹ́jú ohun tí olúkúlùkù wò. Bí ẹnì kan bá dárúkọ ohun tí ẹlòmíràn kò rántí, ibẹ̀ ni mo ń dúró, kódà bí gbogbo ilé bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó sì kéré jù ni mo ń jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ọwọ́ àgbà má baà di ìdájọ́.

A dán an wò ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e lórí Prometheus, èyí tí Scott kan náà ṣe ní 2012, tí àwọn awòran kò sì yéé bú nítorí ìwà àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ti akoto tí Holloway, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ inú rẹ̀, bọ́ ní ayé àjèjì kò pẹ́ lẹ́nu wa. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ sọ fún un pé atẹ́gùn dára, kò sọ pé kòkòrò àìfojúrí kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti ń kánjú láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà apá ti òmùgọ̀ ni a kọ ọ́ sí. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá ń yí bọ̀ lórí Vickers àti Shaw, tí àwọn méjèèjì ń sá níwájú rẹ̀ gbọnrangandan, Ẹ̀gbọ́n kígbe pé kí wọ́n yà; nọ́ọ̀sì ní ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í wo ẹ̀gbẹ́, Shaw pàápàá, ìgbà tí ó ṣubú ni ó tó rí i pé òun lè yí sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbọ́n gbà fún un. Millburn ni a kò rí gbà là. Onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè ni. Ó rí òkú àjèjì tí ó ti kú tipẹ́, ó sá. Ó pàdé èyí tí ó wà láàyè, tí ó nàró bí ejò níwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i bí ẹni ń pe ọmọ ajá. A béèrè ohun tí ó mọ̀, a béèrè ẹni tí ó ṣe láǹfààní, fíìmù kò dáhùn. Ẹ̀gbọ́n wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wo Ẹ̀gbọ́n, àwọn méjèèjì sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó jò."

Ọjọ́ yẹn ni a tó sọ̀rọ̀ Bọ́lájí Badéjọ. Dísìkì nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n; ó ní òun kò tíì wò ó tán.